Òwú Pupa Lẹ́sẹ̀ Ẹyẹlé

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo kọ́kọ́ sọ ọjọ́ orí mi kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọmọ kékeré tí kò mọ nǹkan kan ló ṣe ohun tí mo ṣe. Mo mọ ìwé kà, mo mọ̀ ọ́n kọ, mo sì mọ irọ́ yàtọ̀ sí òtítọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà tún sọ sí mi lọ́kàn. Mo dúró létí títì ní Natako, ní Lọ́kọ́ja níbí, mo fẹ́ ra iṣu, nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ti Obajana bọ̀ kọjá lára mi. Okùn tí wọ́n fi so aṣọ líle tó bo sìmẹ́ńtì ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú, afẹ́fẹ́ sì ń na aṣọ náà, ó ń dún pà-pà-pà-pà láìsinmi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbójú sókè, mo ń wo ojú ọ̀run. Obìnrin tó ń ta iṣu ní, "Màmá, kí lẹ ń wá lókè?" Mo ní kò sí nǹkan. Òótọ́ ni mo sọ. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni ìyẹ́ ẹyẹlé ṣe máa ń dún nígbà tó bá ń tàkìtì. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè má tíì rí irú ẹyẹlé bẹ́ẹ̀ rí. Èyí tí ẹ mọ̀ ni èyí tó ń rìn kiri lórí páànù, tó ń ṣa ọkà nílẹ̀. Èyí tí mò ń wí jọ ọ́, ó kàn kéré sí i díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n bó bá fò dé òkè, yóò dédé ká ìyẹ́ rẹ̀, yóò máa yí sẹ́yìn, ìrù á bọ́ síwájú, orí á bọ́ sẹ́yìn, yóò máa yí bọ̀ nísàlẹ̀ bí òwú tó ń tú lára kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, kó tó tún na ìyẹ́, kó sì padà lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé òòyì ló ń kọ́ ọ, àwọn mìíràn ní wárápá ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà. Bàbá rẹ̀ ṣe é, ìyá rẹ̀ ṣe é, òun náà ń ṣe é.

Ọgbà kan náà ni àwa àti Bàbá Aránfìlà ń gbé ní Kpata. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, Kàbbà la ti wá, a sì háyà yàrá méjì nínú ilé Bàbá. Àwọn òbí Bàbá ló ti Ìlọrin wá ṣòwò, Lọ́kọ́ja ni wọ́n bí òun sí. Iṣẹ́ fìlà rírán ló ṣe títí ojú rẹ̀ fi fọ́. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, òyìnbó kan tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi ṣe fẹ́ padà sílé, ó sì gbé ẹyẹlé mẹ́rin fún un nínú agbọ̀n, nítorí pé kò mọ ẹlòmíràn ní ìlú tó máa ń dúró wo wọ́n. Láti ara mẹ́rin yẹn ni gbogbo ẹyẹlé atàkìtì tó wà ní Lọ́kọ́ja ti wá. Mi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni ní irú rẹ̀ tí kò gbà á lọ́wọ́ Bàbá.

Ojú rẹ̀ ti fọ́ tán kí a tó kó dé ọgbà náà. Kò rí àwọn ẹyẹ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ wọn. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, yóò jókòó sórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, yóò gbójú sókè bí ẹni tó ń retí òjò. Ràbí, ọmọ ọmọ rẹ̀ tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ́ ẹgbẹ́, á ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹyẹlé. Àwọn ẹyẹ á gòkè, wọ́n á máa yí po lókè ọgbà, Òkè Patti lẹ́yìn wọn, odò níwájú wọn. Bí ọ̀kan bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì, Bàbá á máa ka òkìtì rẹ̀ láti inú ìró ìyẹ́ nìkan. Èdè Haúsá ló fi máa ń kà á. Ó ní kí èèyàn tó pe "mẹ́tàdínlógún" tán ní Yorùbá, ẹyẹ á ti balẹ̀, á ti jẹun, á ti sùn. Bó bá kà á tán, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á sì fi ọwọ́ nu ẹnu. Kò sí ayọ̀ mìíràn tó kù fún un láyé, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀.

A ní iṣẹ́ tiwa. Ràbí ló ń bu omi, òun ló ń gbá ilé wọn, òun ló sì ń mi agolo ọkà bàbà nígbà tí a bá fẹ́ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, nítorí a máa ń fi ebi pa wọ́n kí a tó tú wọn sókè; ẹyẹlé tó bá yó kò ní gbọ́ ìpè. Iṣẹ́ tèmi ni àkàbà àti ìwé. Ìyá mi kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ìdílé wo ló máa gba ọmọbìnrin tó ń gun àkàbà bí ọ̀bọ. Ràbí dá a lóhùn pé, "Mọ́mì, àwọn ẹyẹlé ò ní sọ fún wọn."

Nígbà tí ojú Bàbá ṣì dá, òwú tó fi ń rán fìlà ló fi ń sàmì sí ẹsẹ̀ wọn. Ẹyẹ tí òkìtì rẹ̀ gùn, òwú pupa. Èyí tí òkìtì rẹ̀ kúrú, òwú funfun. Òfin rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: pupa kì í fẹ́ pupa. Bí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, a máa ń so akọ pupa pọ̀ mọ́ abo funfun, tàbí akọ funfun mọ́ abo pupa, méjìméjì nínú àpótí wọn. Bàbá kò lè gun àkàbà mọ́, kò sì lè rí àwọ̀. Èmi ni mò ń gòkè, tí mò ń tò wọ́n, tí mò ń kọ ọ́ sínú ìwé iléèwé, tí mo sì ń kà á sí i létí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Á fi ọwọ́ bà mí lórí, á kí mi bí àwọn ará Kàbbà ṣe ń kíra wọn, "Okun o, ojú mi kejì."

Ọkùnrin Nupe kan wà létí odò tó ń ta ẹja gbígbẹ, Ndagi lorúkọ rẹ̀. Ẹyẹ Bàbá lòun náà sọ di púpọ̀. Lọ́dọọdún, lásìkò máńgòrò, àwọn méjèèjì á yan ọjọ́ kan tí wọ́n á tú ẹyẹ wọn sókè, ti Ndagi níṣáájú, ti Bàbá lẹ́yìn, ẹni tí ẹyẹ rẹ̀ púpọ̀ bá jọ tàkìtì lẹ́ẹ̀kan náà ló borí. Ọdún méjì léra ni Ndagi ti borí. Ó wá kí Bàbá lọ́jọ́ kan, ó sì ń dápàárá bíi tìgbà gbogbo. Ó ní àwọn ẹyẹ Bàbá ti di àlùfáà, wọ́n kàn ń kírun lókè ni, wọn ò tàkìtì mọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí bí ẹni pé èmi ni wọ́n bú.

Ní ọdún yẹn mo bi Bàbá ìdí tí pupa kò fi gbọ́dọ̀ fẹ́ pupa. Ó dá mi lóhùn pé, "Ẹyẹ tó bá máa tàkìtì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilẹ̀ wà." Ìdáhùn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo mọ ìṣirò dáadáa níléèwé, mo sì rò ó pé bí bàbá bá ń ta ogún, tí ìyá ń ta ogún, ogójì ni ọmọ máa ta. Bí òjò ṣe ń lọ, mo gun àkàbà, mo sì so pupa mọ́ pupa nínú gbogbo àpótí tí mo lè ṣe é sí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo ṣí ìwé, mo sì kà á jáde ketekete: pupa àti funfun, funfun àti pupa. Bàbá ń mirí. Nígbà tí Ràbí rí òwú pupa méjì nínú àpótí kan, ó bi mí léèrè. Mo ní Bàbá ló yí òfin padà lọ́dún yìí. Ó gbà mí gbọ́, kò sì tún béèrè mọ́.

Àwọn ọmọ ẹyẹ náà dàgbà. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tàkìtì, mo rò pé mo ti borí. Òkìtì wọn gùn débi pé kíkà dàrú mọ́ Bàbá lọ́wọ́. Ó ní, "Kí lẹ fún àwọn wọ̀nyí jẹ?" Inú mi dùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan kí ọjọ́ ìdíje tó pé, ọ̀kan nínú wọn yí bọ̀ kò dúró, ó forí sọ ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó kú lójú mi. Mo sin ín kí Ràbí tó dé láti ilé kéwú. Mo sọ fún Bàbá pé àṣá ló gbé e. Mo lè dúró níbẹ̀, kí n jẹ́wọ́. Mi ò ṣe é.

Ọjọ́ náà dé. Ndagi wá pẹ̀lú àwọn àlejò rẹ̀, wọ́n ti wo tirẹ̀ tán, ẹyẹ márùn-ún ló jọ tàkìtì. Ràbí ṣílẹ̀kùn. Tiwa gòkè, wọ́n yí po lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, ni wọ́n bá ká ìyẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, gbogbo ọ̀run sì ń dún. Mi ò tíì gbọ́ irú rẹ̀ títí di òní. Bàbá dìde lórí àga. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣàdúà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ tí kò ríran. Ndagi ṣí fìlà lórí, ó ní, "Bàbá, ẹ ti na mí lónìí."

Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan balẹ̀ gbì lórí páànù. Bàbá yí etí síbẹ̀, ó bi mí pé kí ló jábọ́. Mo sọ pé, "Máńgòrò ni, Bàbá." Òmíràn tún balẹ̀, lórí páànù aládùúgbò. Òmíràn balẹ̀ sórí ilẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an. Ràbí bẹ̀rẹ̀, ó gbé e, ó sì fi í sí ọwọ́ bàbá bàbá rẹ̀. Ó ní, "Ẹyẹ ni, Bàbá. Òwú pupa ni bàbá ẹ̀, òwú pupa sì ni ìyá ẹ̀."

Bàbá fọwọ́ wá ọrùn ẹyẹ náà, ó fọwọ́ wá ìyẹ́ rẹ̀. Kò pariwo nígbà tó sọ̀rọ̀. "Ojú mi àkọ́kọ́ fọ́, mo gbà fún Ọlọ́run. Èkejì yìí ni mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é." Ndagi dé fìlà rẹ̀, ó kó àwọn àlejò rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó borí.

Èyí tó tún burú ju ikú àwọn ẹyẹ náà lọ ni ti ìwé. Kò sí ojú ewé kan nínú rẹ̀ tí Bàbá tún lè gbà gbọ́. Ó ní òun ò ní so ẹyẹ tí òun kò mọ bàbá àti ìyá rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ó ní kí Ràbí máa kó ẹyin wọn kúrò. Àwọn àgbà ẹyẹ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àṣá gbé ìyókù, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ndagi náà kó lọ sí Bídà, kò mú ẹyẹ kankan lọ, mi ò sì gbọ́ ìró tirẹ̀ lókè mọ́. Nígbà tí ọyẹ́ kejì fi máa dé, Bàbá ti kú, ilé ẹyẹlé sì ṣófo.

Láti ọjọ́ ìdíje yẹn, nígbà tí Bàbá ṣì wà láyé, mi ò wọ iwájú ilé rẹ̀ mọ́. Mò ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ síléèwé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, bàbá mi rí ilé mìíràn, a kó lọ. Yorùbá ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú onílé kó yẹrí. Èmi ni mo yẹrí.

Mo ti di olùkọ́ nígbà tí mo tún rí Ràbí, ní ibùdókọ̀, òun àti ọmọ mẹ́ta, wọ́n ń padà sí Ìlọrin lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. A kí ara wa bí àwọn àgbà obìnrin ṣe ń kíra. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó dá mi dúró. Ó ní, "Ó máa ń bi mí nírọ̀lẹ́ pé ṣé o máa wá. Mo sọ fún un pé wọ́n ti mú ẹ lọ síléèwé ọ̀nà jíjìn. O ṣì wà ní yàrá kejì nígbà yẹn. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń ka ìwé ẹ." Ó wọ ọkọ̀, wọ́n sì lọ. Mi ò rí i mọ́.

Odò ti kún wọ ọgbà náà lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n ti wó o, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Mo ti béèrè ẹyẹlé atàkìtì káàkiri ìlú yìí, lọ́wọ́ Haúsá, lọ́wọ́ Nupe, lọ́wọ́ Ebira. Wọn ò mọ̀ ọ́n. Mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mi ò sì rí ohun tí mo bàjẹ́ yẹn tún ṣe.

Ohun tí kò tíì yí padà ni pé ẹnì kan wà nínú ilé yín tó ń fi ojú yín ríran. Ìyá àgbà tó ń na fóònù sí yín pé kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí òun. Bàbá tó ń béèrè oògùn wo ló wà lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin ọmọ mi, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n lára mi: ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ bá sì ti purọ́, ẹ padà tọ̀ wọ́n lọ, ẹ lọ nígbà tí wọ́n ṣì ń béèrè yín.