Olùkọ́ Tí Kì í Pe Orúkọ Mi

Òórùn méjì ló máa ń pàdé nínú yàrá sáyẹ́ǹsì wa: ti oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú òkú ẹranko sínú ìgò, àti ti dòdò tí àwọn obìnrin ń dín lẹ́bàá títì Ìkirè. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ láti ìhà títì, a kì í mọ̀ bóyá ebi ló ń pa wá tàbí èébì ló fẹ́ gbé wa. Òórùn yẹn ni mo fi ń rántí obìnrin tó kọ́ wa ní ìmọ̀ nípa ẹranko àti ewéko ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní àárín àwọn ọdún 1980. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, onígíláàsì, tí yóò fi ṣọ́ọ̀kì ya apá ẹyẹ sójú pátákó láìwo ìwé, tí ìyẹ́ rẹ̀ yóò sì pé pérépéré.

Ẹyẹ ló fà mí mọ́ ọn. Kí n tó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo ti ń wo ẹ̀gà lórí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Àpòmù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ti rí i fúnra mi pé akọ ló ń hun ìtẹ́, kì í ṣe abo. Pé òrùka kan ló kọ́kọ́ ń hun, tí yóò dúró sí láàárín, tí yóò wá máa hun ìyókù yí ara rẹ̀ ká níwọ̀n ibi tí ẹnu rẹ̀ bá tó. Pé imọ̀ ọ̀pẹ tútù ló ń lò, nítorí èyí tó ti gbẹ kò ṣe é so. Àti pé bí abo bá yẹ ìtẹ́ náà wò tí kò wù ú, akọ yóò tú u palẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Lọ́jọ́ tí mo sọ èyí ní kíláàsì, màámù bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó wò mí títí. Ó kọjú sí àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ṣé o rí i, kò sọ ẹni tó sọ ọ́. Kì í pe orúkọ mi rárá. Bí ó bá ń pe orúkọ láàárọ̀, tó bá kan èmi, yóò gbójú sókè, yóò rí mi, yóò sì kọjá sórí ẹlòmíràn. Bí ó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, "ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé" ni mí. Bí mo bá kúrò lẹ́bàá fèrèsé, mo di "ẹni tó wọ búlúù". Àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́ di àwàdà.

"Aláìlórúkọ! Màámù ń pè ọ́ o!"

"Kí lo fi ṣe wọ́n gan-an? Àbí orúkọ rẹ ń ta wọ́n lẹ́nu ni?"

Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Mùráínà kì í ṣe orúkọ tó ṣòro pè. Mo ní bóyá ó kórìíra mi. Ṣùgbọ́n èmi nìkan náà ló ń yá ní awò rẹ̀ tó ń fa ọ̀nà jíjìn súnmọ́ni, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Orí mi dàrú.

Nígbà tí ọdún àṣekágbá dé, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti pe àwọn tí yóò bójú tó iṣẹ́ ìwádìí wọn. Màámù nìkan ló mọ̀ nípa ẹyẹ. Bí kò bá gbà mí, olùkọ́ tó ń kọ́ wa nípa ilẹ̀ ni yóò mú mi, ajílẹ̀ ni n óò sì máa wọ̀n títí n óò fi jáde. Mo fẹ́ ẹ̀gà ju ìwé ẹ̀rí fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn olùkọ́ yòókù pe orúkọ tán, kò sẹ́ni tó pè mí. Màámù ló ṣe ìkẹyìn. Ó pe àwọn tirẹ̀, n kò gbọ́ Mùráínà. Ó wá ní, "Àti ẹni tó kù," ó sì jókòó.

Mo sáré tọ ọ̀gá ẹ̀ka wa lọ. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá kù bí kò ṣe ìwọ? Màámù fúnra wọn ló wá bá mi tẹ́lẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ fi ọ́ fún ẹlòmíràn."

Inú mi dùn, àmọ́ kò yé mi.

Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ wá wo àwọn ìtẹ́ ẹ̀gà tó wà lẹ́yìn ilé wa. Ọkọ̀ ìjàpá rẹ̀ la gbé láti Ìkirè. Nígbà tí a dé Àpòmù, kí n tó sọ pé ká yà, ó ti yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sáláásí.

"Màámù, ẹ mọ ibí ni?"

"Mo gba ibí rí."

Màmá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wà níwájú ilé, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Olùkọ́ mi bọ́ bàtà rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó rìn lọ bá wọn láìwọ bàtà, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku lórúnkún méjèèjì.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, ìyá wa."

Màmá àgbà fọwọ́ bojú nítorí oòrùn. "Ta nìyí? Ìyàwó! Ìyàwó mi rèé! Ìwọ ni olùkọ́ tí Eyínfúnjowó kì í jẹ́ ká sinmi ìròyìn rẹ̀?"

Mo wẹ̀yìn wò láti mọ ẹni tó ń jẹ́ Eyínfúnjowó.

"Èmi ni, mà."

"Mo rò pé o kì í pe ọkọ rẹ lórúkọ níbẹ̀ ṣá?"

"Háà, ìyá wa! Ta ni mí, tí n óò máa pe ọkọ mi lórúkọ?"

Màmá àgbà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dànù lẹ́sẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà. "Ṣùgbọ́n o ti kó jáde nílé yìí, ó ti pẹ́."

Màámù dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó kọjú sí mi. "Ọkọ mi, ẹ̀gà dà?"

Nígbà tó lọ tán ni Màmá àgbà tó là á yé mi. Àbúrò bàbá mi ló fẹ́ ẹ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tagétagé. Ìwọ náà mọ àṣà wa: ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́, kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, àfi kó wá orúkọ mìíràn fún un. Eyín tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ló wò tó fi pè mí ní Eyínfúnjowó. Nígbà tí àbúrò bàbá mi kọ̀ jálẹ̀ pé ìyàwó òun kò ní kàwé sí i, ó kó ẹrù rẹ̀ jáde, orúkọ náà sì bá a lọ.

"Ìyàwó tó ti kó jáde, ṣé ó ṣì ń pa irú èyí mọ́?"

"Rárá o. Orúkọ tó bá wù ú ni kó pè ọ́."

"Kí ló wá dé tí kò pè mí?"

"Ṣebí ìwọ lò ń lọ sí kíláàsì rẹ̀. Bi í."

N kò bi í. Ó bójú tó iṣẹ́ mi dé òpin, ó kọ́ mi bí a ti ń kọ ohun tí ojú rí sílẹ̀ láìfi ohun tí ọkàn fẹ́ kún un. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo fi ń jẹun dòní. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn ẹlòmíràn, "ẹni tó wà lẹ́bàá fèrèsé" náà ni mí títí mo fi jáde.

Ní àwọn ọdún 1990, Màmá àgbà jáde láyé. Màámù wá síbi fídáù. Àárín àwọn àlejò ló jókòó sí, kò bá àwọn ìyàwó ilé lọ dáná lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó ń lọ, mo sìn ín dé ìdí ọkọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú. "Mùráínà," ó ní, "Ọlọ́run á fi Alijánnà kẹ́ wọn."

Orúkọ tí mo fi gbogbo ìgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì retí nìyẹn. Nígbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó dà bí ìgbà tí wọ́n ṣí aṣọ lára mi nínú òtútù. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún, mo ti rò ó sósì. Bóyá Màmá àgbà ló ń pa ọ̀wọ̀ mọ́ fún, tí ọ̀wọ̀ náà sì bá wọn wọlẹ̀. Bóyá ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ nígbà tó wọlé wa ni kò fẹ́ kó kú. Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni. N kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní gbogbo ọdún tí mo rò pé ó ti mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn, inú ilé ni mo wà. Lọ́jọ́ tó pè mí bí gbogbo ayé ṣe ń pè mí, mo dáhùn pé, "Mà," ọkọ̀ rẹ̀ sì ti kọjá mọ́sáláásí kó tó yé mi pé ìta ni mo dúró sí.