Kùmásí Lọ́nà Mẹ́tàlá

Alhaji Àkíbù fi ìka ìfábẹ̀lá kan ahọ́n, ó gbé e lé ibi tí wọ́n kọ aago márùn-ún sí lórí bébà ìrìnàjò bàálù, ó sì wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ dé orí aago mẹ́jọ, bí ẹni ń wọn wáyà fún oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Okaishie.

“Wákàtí mẹ́ta,” ó ní. “Ta ló ní ó jìnnà?”

Ṣùkúrátù mí kanlẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Alajo, òun fúnra rẹ̀ kò wọ̀ ọ́ rí. Ibi tó jìnnà jù tó dé ni Ògbómọ̀ṣọ́, mọ́tò ló sì gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ó mọ aago ìlú méjìlélógójì sórí, kò sì sí ohun tó ń mú sùúrù rẹ̀ tán tó ẹni tí kò gbà pé aago ìlú kan yàtọ̀ sí ti òmíràn.

Raqeebah, ọmọ Alhaji, ló bímọ sí Lísíbọ̀n. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Sáńdè ni ìsọmọlórúkọ. Alhaji ti fọ́nnu fún àwọn àna rẹ̀ ní Mamobi pé Abdulhameed, ọmọ òun ọkùnrin tó wà ní Hẹ́lísíńkì, ni yóò dúró fún ilé ìyá ọmọ. Ṣé kì í ṣe Yúróòpù kan náà ni? Ṣùgbọ́n Abdulhameed ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ bọ́ọ̀sì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sáńdè yẹn gan-an ni yóò sì wọṣẹ́. Bó bá pẹ́ dé, iṣẹ́ ti bọ́.

“Yóò kúrò ní Lísíbọ̀n ní aago mọ́kànlá,” Alhaji ní. “Méjìlá, ọ̀kan, méjì. Ó ti délé. Á tiẹ̀ tún sinmi.”

“Aba, Bàbá! Ẹ wo ìsàlẹ̀. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

Ó gbé bébà sún mọ́ ojú. “Lílọ wákàtí mẹ́ta, bíbọ̀ wákàtí méje? Àbí awakọ̀ yẹn máa ń dúró jẹ kẹ́ńkì ní Nkawkaw lọ́nà Kùmásí ni?”

“Márùn-ún ni lílọ, márùn-ún ni bíbọ̀! Bí aago méjì bá lù ní Lísíbọ̀n, mẹ́rin ti lù ní Hẹ́lísíńkì. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo sọ ọ́ rèé. Ẹ̀yin rò pé bí ibí sí Kùmásí ni. Kùmásí lọ́nà mẹ́tàlá ni!”

“Ìwọ tí o kò wọ bàálù rí.”

Ṣùkúrátù mú bírò. Ó tún un ṣírò sẹ́yìn bébà, gàdàgbà. Alhaji kò wò ó.

“Tà á fún mi. Ẹyin ni ohùn, tèmi ti bọ́ sílẹ̀ lójú àna. Bí èyí bá bọ́, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀ òyìnbó.”

Ṣùkúrátù ká ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún Abdulhameed.” Ó tẹ nọ́ńbà, ó gbé fóònù sáàárín tábìlì.

Ariwo omi ló kọ́kọ́ jáde. “Bàbá, ẹ káàsán. Ṣé ẹ ti rà á? Ẹ rà á o, màá lọ. Màá wá nǹkan sọ fún ọ̀gá.” Omi tún dún lẹ́yìn rẹ̀. “Màá ṣáà wá nǹkan sọ.”

“Omi kí ló ń dún yẹn?”

“Bọ́ọ̀sì ni mò ń fọ̀. Ìkẹfà rèé látàárọ̀.”

Alhaji wo fóònù náà títí.

“Fọ̀ ọ́ dáadáa,” ó ní. “Dúró síbẹ̀ ní Sáńdè.”

Ó mú fìlà rẹ̀, ó dé e.

“Kí n fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì náà, Bàbá?”

Ó ti jáde. Ọkọ̀ kan rọra dúró níwájú rẹ̀, kò wọ̀ ọ́. Ó fẹsẹ̀ rìn gba apá Mamobi lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀, lábẹ́ oòrùn.