Omi Gbígbóná Nídìí Ọ̀gànwó

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀ ní kí n gé ọ̀gànwó tí mo gbìn síwájú ilé mi. Igi náà kò tíì ga jù mí lọ.

Nípàdé, alága ní, "Màmá Tísà, ẹ má bínú. Ewé ẹ̀ máa dí gọ́tà ni. Ẹ kúkú gbin òdòdó sínú ike."

"Ọ̀rá piọ́ wọ́tà ló dí gọ́tà wa. Ṣé orí igi ló ti ń já bọ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọn kò gbà.

Wọn kò mọ ibi tí igi náà ti wá. Nígbà èwe mi ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba gba àwọn àgbẹ̀ láyè láti kọ ebè sínú igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba dá sí, bí wọ́n bá lè tọ́jú àwọn ọmọ igi tí ìjọba gbìn sáàárín iṣu. Bí igi bá ti ga, àgbẹ̀ yóò kó kúrò. Ọ̀pọ̀ kò fẹ́ kúrò. Wọ́n á da omi gbígbóná sídìí igi ní ìdájí, wọ́n á wá sọ fún ọ̀gá igbó pé, "Ó kú fúnra rẹ̀ ni, sà." Bàbá mi kò dà á rí. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ọmọ ọ̀dọ̀ ìjọba. Lónìí, oko kòkó àti ilé ló gba gbogbo ibẹ̀. Ọ̀gànwó kan tí bàbá mi tọ́jú ló ṣẹ́kù; èso rẹ̀ ni mo gbìn.

Lẹ́yìn ìpàdé náà, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé ewé igi mi ti rọ, ooru sì ń rú nílẹ̀ ìdí rẹ̀. Ta ló mọ ọgbọ́n yìí ní Ìsọlọ̀? Akápò ẹgbẹ́ wa ni. Abúlé tirẹ̀ àti tiwa ló jọ bá igbó ọba náà pààlà. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, igi mi ń kú o."

"Háà! Bóyá ó ń kú fúnra ẹ̀ ni."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ìkòkò yín ti tutù?"

Ó yára pa ilẹ̀kùn dé.

Mo gbé àga síta, mo ń jókòó ti igi náà láràárọ̀, mo ń bu omi tútù sí i. Mo kéde nípàdé pé ẹni tó bá fẹ́ gé e, kó wá gé e lójú mi, lọ́sàn-án gangan. Ẹnikẹ́ni kò wá. Orí rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti tún rú ewé.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá sọ fún yín pé ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa kú fúnra rẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tó gbé omi kaná.