Ohun Tí Àáfà Kọ Sẹ́yìn Ìwé Adẹ́rùbani

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, oríṣi ìwé méjì ni mo mọ̀ láyé: èyí tí wọ́n ń nà wá pé a kò kà, àti èyí tí wọ́n ń nà wá pé a kà. Kùráánì àti ìwé ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ti àkọ́kọ́. Ìwé òǹkọ̀wé kan tí àwa ọmọdé ń pè ní Bàbá Adẹ́rùbọmọ ló wà nínú ìkejì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Ilọrin, ẹ ó rántí irú ìwé bẹ́ẹ̀: ó tẹ́ẹ́rẹ́, bébà rẹ̀ kò sàn ju èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà lọ, ojú pupa méjì sì wà lára èèpo rẹ̀. Orí ẹní ni wọ́n ti ń tà á ní Ọ̀fà Garage, láàárín ọlọ́sàn àti ẹni tó ń ta bàtà òkìrìkà.

Àdúgbò Basin là ń gbé nígbà náà. Ìyá mi ń ta kókó tí wọ́n fi ògì rò àti mósà díndín láàárọ̀, nítorí náà kí oòrùn tó yọ, a ti pọn omi kún àmù láti inú kànga ẹ̀yìnkùlé, a ti gbálẹ̀, a sì ti fọ agbada òróró tí kì í tán lára ọwọ́ bọ̀rọ̀. Bí a bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, a ó ṣeré súwè díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó gbé wàláà, pátákó tí a fi ń kọ kéwú, lọ sí ilé kéwú Àáfà, tó wà ní ilé kejì sí tiwa. Èmi ni mo dàgbà jù láàárín àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀. Mo ti ń gbéra ga díẹ̀.

Dúpẹ́ ọ̀rẹ́ mi ló gbé ìwé náà wá. Ará Ọ̀mù-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ tíṣà. Ó fi ìwé ìròyìn dì í bí ẹni gbé ẹran Iléyá.

"Ṣé wàá lè kà á ṣá? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sunkún o."

"Èmi tí mo ti ka Kùráánì dé Yásín? Gbé e wá jàre."

Ìtàn obìnrin kan ni. Ó kú sínú kànga, ó wá ń ti inú omi pe àwọn ará àdúgbò lórúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n má purọ́, nígbà tí mo kà á dé ìdajì, mi ò lè nìkan lọ sí ilé ìwẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ewé ìkẹyìn ló dùn jù. Òfìfo ni wọ́n fi í sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti tẹ ìwé náà, gbogbo ẹni tó bá sì ti kà á ló máa ń kọ èrò rẹ̀ síbẹ̀ kó tó gbé e fún ẹlòmíràn. Ẹnì kan kọ ọ́ pé: "Mo kà á tán, mi ò wẹ̀ fún ọjọ́ méjì." Òmíràn ní: "Irọ́ ni. Mo ti yọjú wo kànga wa, ọ̀pọ̀lọ́ ló wà níbẹ̀." Ẹnì kan ní kí Jésù dárí ji ẹni tó kọ irú nǹkan báyìí. Ẹnì kan sì fi gègé pupa kọ ọ́ pé: "Mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Kí màmá mi má gbọ́."

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, mo rí lẹ́tà kéwú. Ìlà márùn-ún ni, wẹ́wẹ́, láìsí àwọn àmì tí àwa ọmọdé fi ń pe lẹ́tà. Mi ò lè kà á. Lójú wa nígbà náà, ohunkóhun tí a bá ti fi lẹ́tà kéwú kọ, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni. Dúpẹ́ tó jẹ́ ọmọ ìjọ gan-an kì í fi ọwọ́ kan ibẹ̀. Ó ní, "Àdúrà ni. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí obìnrin yẹn má baà jáde."

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo ka ìwé náà sókè fún Ráfátù, àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná la jókòó sí lọ́sàn-án gangan, mo sì ń yí ohùn padà bí ẹni tó wà nínú kànga. Ìyá mi ti máa ń sọ ọ́ pé, "Ohun tí etí bá gbé wọlé, ọkàn ni yóò máa bá a gbé." Mo rò pé ọ̀rọ̀ òfófó ló ń bá wí.

Ní ọjọ́ kejì, Ráfátù kò mu omi.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti là. Mo bu omi fún un, ó pa ẹnu dé. Kókó ìyá wa, tó mọ̀ pé omi kànga ni wọ́n fi rò ó, kò fi kan ẹnu. Ọsàn méjì ló mu láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó wà nínú rẹ̀." Ní ọjọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ìyá wa ní ibà ni, bàbá wa sì ń palẹ̀ mọ́ láti gbé e lọ sí ọsibítù. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn yóò nà mí. Bí mo bá dákẹ́, tí àbúrò mi bá kú, èmi ni mo pa á.

Ìgbà náà ni mo rántí hàntú, omi tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rọ̀ Kùráánì kúrò lára wàláà kí aláìsàn lè mu ún. Mo jókòó, mo da ìlà márààrún ẹ̀yìn ìwé náà kọ sára wàláà mi pẹ̀lú tàdáwà, yíǹkì kéwú wa, mo fọ̀ ọ́ sínú abọ́, mo gbé e fún Ráfátù. Mo ní, "Èyí kì í ṣe omi kànga mọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni." Ó wò mí, ó gbé e, ó mu ún tán, ó sì tún lá abọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Bàbá wa rí i pé ó ti mu omi, ó dá ọ̀rọ̀ ọsibítù dúró. Ṣùgbọ́n omi wàláà yẹn nìkan ló gbà láti mu láti ìgbà náà. Láàárọ̀ kí n kọ, lọ́sàn-án kí n kọ. Ọwọ́ mi dúdú fún tàdáwà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ní ilé kéwú nígbà tí òjìji kan bò mí. Àáfà ni. Ó gba wàláà. Ó wò ó, ó dojú rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀, ó tún un wò.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ẹ̀yìn ìwé kan ni, Àáfà."

"Kí lo ń fi í ṣe?"

"Mo ń fọ̀ ọ́ fún Ráfátù mu. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ó ti mu ún?"

"Ẹ̀ẹ̀marùn-ún, Àáfà."

Ó jókòó sílẹ̀ gbà. "Subhaanallah! Sàlámátù, èmi ni mo kọ nǹkan yìí. Kì í ṣe Kùráánì. Yorùbá ni."

Ní tèmi, bí ẹni pé ilẹ̀ là ni. Mi ò mọ̀ pé a lè fi lẹ́tà kéwú kọ Yorùbá, èyí tí wọ́n ń pè ní ànjẹ̀mí. Mi ò mọ̀ pé Àáfà tó ń fi pàṣán lé wa kúrò nídìí ìwé ìtàn lè mọ Bàbá Adẹ́rùbọmọ. Ó ṣàlàyé pé ní ọdún tí ẹsẹ̀ òun kán, ìyàwó òun ló máa ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí òun létí. Nígbà tí òun rí i pé oníkálukú ti kọ èrò tirẹ̀ sẹ́yìn, òun náà kọ tòun.

Ó ní kí n lọ mú Ráfátù wá. Ó gbé ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì ka wàláà náà sókè:

"Wọ́n ka ìwé yìí fún mi tán. Ọkùnrin tó kọ ọ́ mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ pọ̀. Gbogbo àdúgbò ń sá fún obìnrin náà, kò sí ẹnì kan tó bi í pé kí ló ṣe é. Nígbà tó pe orúkọ ìmáàmù, ẹ̀rù bà mí, mo ní kí ìyá àwọn ọmọ ṣí fèrèsé kó tó máa kà á lọ."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tètè fi ọwọ́ bo ẹnu. Ráfátù kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ojú sókè.

"Àáfà, ẹ̀yin náà bẹ̀rù?"

"Mo bẹ̀rù gan-an, ọmọ mi."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Òùngbẹ gbẹ mí, mo mu omi."

Ó na ọwọ́ sí ìkòkò, ó bu omi kànga, ó mu ìdajì, ó gbé ìyókù fún un. Ráfátù di abọ́ náà mú fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó mu ún, omi ń ṣàn sí i lọ́rùn, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Èmi ni mo bú sẹ́kún.

Àáfà kò nà mí. Ó ní ọjọ́ méje ni n ó fi máa pọn omi àlùwàlá kún gbogbo ìkòkò ilé kéwú, nítorí mo fún ènìyàn ní ohun tí èmi fúnra mi kò lè kà mu. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù kànga yẹn ṣì ń ba èmi náà? Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ "Àúdù bílláì" kí n tó ju okùn sí i. Ìyá mi ní tirẹ̀ kò ní sùúrù Àáfà. Ṣíbí mósà ló fi gbọ́ ẹjọ́ mi.

Alhamdulillah, Ráfátù ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta. Àdúgbò Fate ni èmi ń gbé báyìí. Ọmọ mi obìnrin ló fi mí sínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń ka ìwé adẹ́rùbani òde òní lórí fóònù. Nígbà tiwa, ìwé kan ń gba ogún ilé kọjá, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn rẹ, ó mọ ilé rẹ, ó sì ń rí ojú rẹ. Ní báyìí, ìwé wà lọ́wọ́ oníkálukú, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń sọ èrò wọn láàárín wákàtí kan, mi ò sì mọ ojú ẹnì kankan nínú wọn. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ òun ti ka ìwé tuntun kan tí gbogbo wa ń kà, láti ọjọ́ mẹ́ta ni kò sì ti fẹ́ kí ilẹ̀kùn yàrá kankan wà ní títì. Àwọn ènìyàn fi àwòrán ẹ̀rín dá a lóhùn. Mo kà á, ẹ̀rín ni. Mo tún fi ìka yí i lọ sísàlẹ̀, ẹ̀rín ni. Ẹnì kan bi í bóyá apá kejì ìwé náà ti jáde.

Mo wọ awò ojú mi, mo sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè mí, kí ẹ gbé fóònù fún ọmọ náà. Èmi náà ti ka ìwé ọ̀hún, ẹ̀rù sì bà mí."