Ọ̀rá Tí Mo So Mọ́ Ẹnu Agolo Epo

Nígbà tí ọ̀wọ́n epo bẹntiróòlù gbòde ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ ẹja ni mò ń ṣe fún ìjọba, létí omi ńlá kan tí wọ́n sé lẹ́yìn Ẹgbẹ́dá. Ìyàwó mi ni ọ̀gá ilé ìwé abúlé tó wà lódìkejì. Afárá ojú ọ̀nà ti já, torí náà ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì ibi iṣẹ́ wa ni mo fi ń gbé e kọjá láràárọ̀. Lójú ara mi, kò sẹ́ni tó mọ ẹ́ńjìnnì tó mi ní gbogbo agbègbè náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà, ìwé ìbéèrè wà nínú àpò ìyàwó mi, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Mo fà á títí apá fi ń ro mí. Mo tú púlọ́ọ̀gì, mo fi sáńpépà ha á, mo dá a padà, pàbó ni. Ìyàwó mi ní òun fẹ́ sọ nǹkan nípa agolo epo. Mo ní kó jẹ́ kí n gbájú mọ́ṣẹ́. Ó tún lanu, mo ní iṣẹ́ olùkọ́ yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọkọ̀. Ó bá jókòó, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. Èmi ń súfèé, bí ẹni pé kò sí ìṣòro.

Nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, mo rọra béèrè ohun tó fẹ́ sọ.

"Bàbá wọn, ọ̀rá tí ẹ so mọ́ agolo epo lẹ́nu lánàá, ṣé ẹ ti tú u?"

Ojú tì mí. Bí gbogbo wa ṣe ń so ọ̀rá mọ́ ẹnu kẹ́ẹ̀gì nílé, kí afẹ́fẹ́ má baà gbé epo lọ, ni mo ṣe so ó mọ́ agolo ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ bí atẹ́gùn ò bá wọ inú agolo yẹn, epo ò ní dé ẹ́ńjìnnì. Mo já ọ̀rá dànù, mo fa okùn lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ́ńjìnnì bú.

Lórí omi, mo bẹ̀ ẹ́.

"Àtèmi àti ẹ́ńjìnnì lẹ so lẹ́nu láàárọ̀ yìí," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ọmọ ti tò sétí omi pẹ̀lú pẹ́ńsù lọ́wọ́. Olùkọ́ kan béèrè ohun tó dá wa dúró. Ìyàwó mi ní ẹ́ńjìnnì ló kọ̀, ọkọ òun ló sì tún un ṣe. Olùkọ́ náà yìn mí gan-an. Mo dúpẹ́, mo sì ń wo omi.