Odindi Àgbọ̀nrín tí Ẹ̀gbọ́n Mi Jẹ́jẹ̀ẹ́

Kí n tó sọ bí ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó àti èmi tí mo jẹ́ tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe di ẹni tó ń dẹ̀gbẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àìsàn, torí àìsàn ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni inú rírun dá ẹ̀gbọ́n mi dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé e láti Ìsẹ̀ lọ sí Adó, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí àwọn èèyàn ń jó ní títì pé a ti kúrò lára Òǹdó, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, ó ń gbọ́ ariwo láti ojú fèrèsé, kò sì lè rẹ́rìn-ín nítorí ojú abẹ. Ìbọn rẹ̀ la tà tí a fi san owó dókítà. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a tà á, àmọ́ lọ́jọ́ tó padà dé, ìṣó tó máa ń gbé ìbọn náà kọ́ sí lára ògiri ni ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá dáadáa, ó lọ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdúpẹ́ nìkan la rò pé ó fẹ́ ṣe. Àfi bí ó ṣe gba máìkì lọ́wọ́ akọrin.

Ó ní, "Ọlọ́run ò jẹ́ kí wọ́n gbé òkú mi wálé. Ní Ìkórè tó ń bọ̀, àgbọ̀nrín ni n ó gbé wá síwájú pẹpẹ yìí. Odindi ni o. Tòun tìwo, tòun ti pátákò."

Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì mí fi ìgùnpá gún mi, ó ní, "Ẹ gbọ́ o, ṣé ẹnu ló máa fi yìnbọn ni?"

Nígbà náà, àwọn agégi ti wọ igbó tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ẹ̀rọ wọn ń ké, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń kó pákó jáde. Ẹran wo ni yóò dúró síbẹ̀? Àgbọ̀nrín tó kù ti sọdá odò Ògbẹ̀sẹ̀, wọ́n lọ sí ibi kan tó jẹ́ àpáta àti ẹ̀gún, tí odò yí ká lápá méjì, tí kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ kankan tó wọ ibẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èèyàn lè máa fò láti orí òkúta dé orí òkúta títí yóò fi sọdá. Ṣùgbọ́n ìgbà tí omi kún ni Ìkórè ń bọ́ sí. Ọkọ̀ nìkan ló lè gbé wa débẹ̀.

A ní láti wá ìbọn, kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, kí a sì wá ọkọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àwọn ohun báyìí kì í ṣe ohun tí à ń fi owó háyà. Ẹran tí wọ́n bá pa ni wọ́n ń gé. Oníbọn ní ìpín tirẹ̀, kódà bó bá sùn sílé. Onílẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó gbé ọ sọdá omi náà ní tirẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìbátan ìyá wa kan la ti lọ yá ìbọn, ọdẹ àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bàbá náà na ṣakabùlà sí ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi dì í mú, bàbá ò tíì jù ú sílẹ̀.

"Utan òsì ni ti ùbọn mi o," ni bàbá wí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe itan àti ìbọn.

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Mi ò sọ utan tí ẹ ti gé díẹ̀ jẹ lára ẹ̀ lọ́nà."

"A ò ní gé nǹkan kan, Bàbá."

Ìgbà yẹn ló tó jù ú sílẹ̀.

Ọ̀dọ̀ onílẹ̀ la gbà lọ lẹ́yìn ìyẹn, ọkùnrin kan tó ń gbé ní abà kòkó lẹ́bàá odò, tó jẹ́ pé àwọn òbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ tó wà ní òdìkejì. Ó fún wa ní àgbàdo sísun jẹ, ó bi wá léèrè àlàáfíà ilé, ó wá sọ pé àyà ẹran ni ti ilẹ̀, pé bí bàbá òun ṣe máa ń gbà á nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbà.

Apẹja ni ọlọ́kọ̀. Ìlàjẹ ni, ó ti pẹ́ tó ti tẹ̀dó sí etí Ògbẹ̀sẹ̀, ó fẹ́ ọmọ Èmùré, ó sì ń fi ahọ́n Ìlàjẹ sọ èdè Èmùré. Ẹ̀gbọ́n mi fi iṣu lọ̀ ọ́. Ó ní òun ní iṣu. Ó fi kòkó lọ̀ ọ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ fi kòkó ṣe.

"Itan ọ̀tún," ni ó wí.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran tí a ò tíì rí yìí, ẹsẹ̀ méjì péré ló kù fún un o. Kò sì láyà mọ́."

Kò rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, jẹ́ kí a rí i ná," ló sọ. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ẹni tí kì í purọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi. Tó bá sọ fún ọ pé òun ń bọ̀ lọ́la, tí òjò bá ń rọ̀, wàá rí i tí yóò wọlé pẹ̀lú omi lára. Ó ti wá sọ odindi fún Ọlọ́run lójú gbogbo ìjọ, ó sì ti ń gé e fún àwọn èèyàn.

Sátidé tó ṣáájú Ìkórè la lọ. Kùrukùru ṣì wà lójú omi nígbà tí a wọ ọkọ̀. Odò náà pọ́n, ó ń gbé ẹ̀ka igi lọ. Iwájú ni ẹ̀gbọ́n mi wà, èmi wà láàárín pẹ̀lú agolo tí mo fi ń gbọ́n omi, ọlọ́kọ̀ wà lẹ́yìn pẹ̀lú àjẹ̀. A ò tíì rìn jìnnà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dìde dúró. Àwa ará òkè, bí a bá fẹ́ wo ọ̀ọ́kán, ìdúró la fi ń wò ó. Ọkọ̀ náà tẹ̀, omi dà lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ẹ jókòó!" ni ọlọ́kọ̀ pariwo. "Bàbá, ọkọ̀ nìyí, kì í ṣe ebè!"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ yìnbọn ní ìjókòó?"

"Bí ẹ ṣe ń jẹun ní ìjókòó."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ń kùn. A rọra ń lọ lábẹ́ àpáta ní òdìkejì, ọlọ́kọ̀ ò jẹ́ kí àjẹ̀ rẹ̀ dún. Ibi tí àpáta ti tẹ̀ wọ inú omi, tí koríko tútù hù, ibẹ̀ la ti rí i. Akọ ni. Ó dúró, ó ń jẹ koríko, omi ń kán lára rẹ̀. Ìwo rẹ̀ lọ́ díẹ̀, ó dúdú. Ọlọ́kọ̀ na ọwọ́, ó di gbòǹgbò igi kan mú kí ọkọ̀ má bàa yí. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìbọn sí èjìká.

Ìbọn náà dún. Ọkọ̀ fò sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n tì, gbòǹgbò já mọ́ ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́, èmi fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú omi tí mo ti ń gbọ́n. Èéfín bo gbogbo wa. Nígbà tí ó máa ká, àgbọ̀nrín ti bẹ́ sínú odò. Ó lúwẹ̀ẹ́ díẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀, odò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí omi ti ń já láàárín òkúta. A ti ń gbọ́ ariwo ibẹ̀.

"Wà á, wà á!" ni ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo.

Ọlọ́kọ̀ ń wà á. "Ibi tí omi ti ń já nìyẹn o! Itan méjèèjì!"

"Ọ̀kan ni! Ìkejì ti lẹ́ni tó ni ín!"

"Ẹ fi apá kan kún un!"

"Wà á, ìwọ ọkùnrin yìí!"

Mi ò mọ ẹni tó yẹ kí n bá pariwo nínú wọn, mo kàn ń gbọ́n omi. Ẹ̀gbọ́n mi nawọ́, ó di ìwo kan mú, ọlọ́kọ̀ fi àjẹ̀ ti òkúta, ọkọ̀ yí, a sì bọ́ sí ibi tí omi ti rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́kọ̀ ní òun jáwọ́ nínú apá, pé itan ọ̀tún náà ti tó.

Etí odò ni ọ̀rọ̀ ti wá bẹ̀rẹ̀. A wọ́ ẹran náà gòkè, ọlọ́kọ̀ yọ ọ̀bẹ, torí èbúté ni wọ́n ti ń pín ẹran.

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má gé e. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ odindi."

"Fún ta ni?"

"Fún Ọlọ́run."

Ọlọ́kọ̀ wò ó. "Èmi ò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ sọ odindi fún Un, ẹ sọ itan fún mi. Ta ni ẹ purọ́ fún nínú àwa méjèèjì?"

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sórí òkúta. Omi ń ro lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé ojú abẹ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe bí ó bá ń ronú.

"Tẹ̀ lé mi lọ sílé," ló sọ. "Lọ́la, ẹran yìí á wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní odindi. Tó bá ti dé iwájú pẹpẹ, wàá mú itan rẹ. N ó ránṣẹ́ sí àwọn yòókù."

Ọlọ́kọ̀ rò ó. "Ẹ̀dọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ̀dọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ́ yẹn ni?"

"Ẹ̀dọ̀ wà níbẹ̀."

"Háà! Ẹ̀jẹ́ yín yìí le o."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé e wá sí Ìsẹ̀. A tú inú rẹ̀, a fi iyọ̀ pa á, a gbé e sókè èéfín, a fi ewé di ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọlọ́kọ̀ sùn ti itan rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìkórè, bí àwọn obìnrin ṣe ń ru iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọlé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi gbé àgbọ̀nrín wọlé lórí ọ̀pá. Ìjọ dìde. Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀, ojú rẹ̀ dán. Ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni àwọn onípìn-ín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sí: bàbá oníbọn, onílẹ̀ tó wọ aṣọ funfun ìjọ tirẹ̀, àti ọlọ́kọ̀ tó wọ bùbá mi.

Ohun tí a gbàgbé ni láti sọ fún ẹni tó ń lu gbàǹjo. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọrẹ Ìkórè, ó gbé ìwo ẹran náà sókè. "Ta ni yóò ra odindi àgbọ̀nrín yìí?"

"Ẹ yọ itan ọ̀tún o!" Ọlọ́kọ̀ ti dìde. "Tèmi ni!"

"Òsì ni tèmi," ni bàbá oníbọn wí láti ìjókòó.

Onílẹ̀ kò pariwo. Ó kàn fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀.

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹnì kan ní, "Bàbá, ìwo nìkan lẹ mú wá!" Àlùfáà náà ń fi áńkáṣíìfù nu ojú. Ó ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé Ọlọ́run ti rí odindi, kí olúkúlùkù mú tirẹ̀. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi àdá gé e fún wọn, ó gé e dáadáa, kò ṣahun. Wọ́n ta èyí tó kù. Ọlọ́kọ̀ gbé itan rẹ̀ sórí ọ̀kadà, ó ń juwọ́ sí gbogbo èèyàn. Gbogbo ìlú ló gbà pé ẹ̀gbọ́n mi ti san ẹ̀jẹ́ rẹ̀.

Òun kò gbà. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Àmọ́ láti ìgbà náà, bí ìyàwó rẹ̀ bá se ẹran ìgbẹ́, á ní kí wọ́n bu tòun fún mi.

Ìgbà tí kòkó ti so dáadáa lẹ́ẹ̀mejì ló tó ra ìbọn mìíràn, tó gbé e kọ́ sórí ìṣó rẹ̀. Àwọn agégi ti lọ nígbà yẹn, igbó ti ń hù padà. Nínú oko bàbá wa, lápá ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ẹsẹ̀ ń dé, ló ti pa àgbọ̀nrín kan. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì yá nǹkan kan. Ó ránṣẹ́ pè mí kí n wá gbé ìdí ọ̀pá. Ìkórè ti kọjá, kò sì sí ìsìn lọ́jọ́ náà. A gbé e gba ẹ̀yìnkùlé lọ sílé àlùfáà, a tẹ́ ewé, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ìyàwó àlùfáà jáde, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ta ló ni itan?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ ni gbogbo ẹ̀, Mọ́mì. Ẹ̀dọ̀ wà nínú ewé."

Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a padà délé, ó ní kí ìyàwó òun bu ẹran ìgbẹ́ sí ọbẹ̀ òun.