Iṣu Tó Lọ́ sí Òsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní ibùdókọ̀ rélùwéè Ẹdẹ. Ó ti pẹ́ díẹ̀, àmọ́ n kò tíì gbàgbé.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni òyìnbó kan tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ oko ní kí n ya àwòrán iṣu, kí n sì ya ti iṣu igbó olóró kan tó jọ ọ́. Àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin ti jẹ ti igbó náà, àwọn kan sì kú. Ewé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ìtàkùn wọn la fi ń mọ̀ wọ́n: ọ̀kan ń lọ́ mọ́ igi sí ọ̀tún, èkejì sí òsì. Wọn yóò tẹ àwòrán mi, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ káàkiri. Bí ó bá dára, mo ríṣẹ́. Bí kò bá bá ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ tó dá fún mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, kí n má wulẹ̀ padà wá.

Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi yà á. Tàdáwà dúdú nìkan ni mo lò: ìlà tín-ín-rín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí òjìji wà, àmì kéékèèké lára iṣu.

Ní ibùdókọ̀ tí mo ti fẹ́ fi í ránṣẹ́, ìyá àgbẹ̀ kan láti ìlú Ara, tó kó iṣu wá tà, ní kí n jẹ́ kí òun wo àwòrán náà. Ó rẹ́rìn-ín.

“Akọ̀wé, wọn ò mú ọ dé oko rí ni? Iṣu tìẹ ń lọ́ sí òsì.”

Mo ní, “Ìyá, mo fojú ara mi wò ó kí n tó yà á.”

“Èmi, ọwọ́ ara mi ni mo fi gbìn ín. Ebè iṣu wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá ibùdókọ̀ yẹn. Lọ wò ó.”

Ọ̀rọ̀ ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí. Mo sáré lọ. Igi àkọ́kọ́, ọ̀tún. Èkejì, ọ̀tún. Mo wo méje, ọ̀tún ni gbogbo wọn.

Kí ni mo ti ṣe tó fi rí bẹ́ẹ̀? Lẹ́ẹ̀dì ni mo kọ́kọ́ fi yà á. Lẹ́yìn náà ni mo da ojú rẹ̀ dé bébà tuntun, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ra á kí ìlà lẹ́ẹ̀dì náà lè tẹ̀ sára rẹ̀, kí n tó fi tàdáwà tẹ̀ lé e. Ohun gbogbo ti yí padà bíi ti inú dígí. Iṣu jíjẹ ń lọ́ bíi ti olóró, olóró ń lọ́ bí oúnjẹ. Tàdáwà kò sì ṣeé pa rẹ́.

Ọkọ̀ fọn fèrè. Ta ni yóò mọ̀ bí mo bá fi í ránṣẹ́? Mo di bébà náà mú títí ọkọ̀ fi lọ.

Ìyá náà wò mí. “Ọkọ̀ rẹ ló lọ yẹn o.”

“Mo mọ̀, Ìyá.”

“Ó dáa, gbé apẹ̀rẹ̀ yìí, ká lọ sí oko. Níṣojú mi báyìí lo máa ti tún un yà.”

Mo kó àwòrán méjèèjì, ti àkọ́kọ́ àti èyí tí mo yà ní oko, dé iwájú òyìnbó, mo sì ṣàlàyé. Ó fi èyí tó tọ̀nà ránṣẹ́. Ó kan èyí tó wọ́ mọ́ ògiri, lókè tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ títí di òní.

N kò lè sọ pé gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ ju ẹni tó kàwé lọ. Ohun tó dá mi lójú ni pé n kì í tẹ tàdáwà sí ewé kankan mọ́ kí ẹni tó ń gbìn ín tó wò ó.

Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló dá yín lójú, tí ẹlòmíràn sì rí àṣìṣe rẹ̀ kí ẹ tó rí i? Ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.